Ṣòkòtò Tí Mo Rán Fún Ẹni Tí Yóò Dé Odi Rẹ́múrẹ́mú

Ẹ fà mọ́ra, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ má sì jẹ́ kí ewúrẹ́ dúró lórí etí aṣọ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in tán, nítorí ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rín náà kò dùn. Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ bí ẹ ti ń bọ̀. Ẹ ní, "Ẹ wá wo Ọdẹ́ríndé, ọdẹ tó pa erin, ọdẹ tí ẹfọ̀n ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ya ìgbẹ́. Òun náà ló fi aṣọ ìbora ró ìdí lábẹ́ igi ìyeyè, tó ń rán ṣòkòtò bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé." Òótọ́ lẹ sọ, n kò bá yín jiyàn.

Ìyá Dọ̀tun, o ṣeun, má bá mi fi òwú sí abẹ́rẹ́. Mo mọ̀ pé ojú mi ti ń ṣú, mo sì mọ̀ pé láti àárọ̀ ni mo ti ń fi òwú yìí gún atẹ́gùn. Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá kàn án, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn, ìdí rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ́nnu díẹ̀ ná. Ọdẹ tí kò bá fọ́nnu, ẹran tó pa kì í dùn lọ́bẹ̀. Nígbà tí mo wà ní géńdé, bí mo bá wúkọ́ ní ìsàlẹ̀ òkè, ọ̀bọ á já bọ́ lórí igi. Mo bá iwin jìjàkadì, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀, mo sì fi irùngbọ̀n rẹ̀ di ẹrù igi wálé. Ajíbóyè, má yínmú sí mi, bàbá rẹ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, n kò ra ṣòkòtò rí, n kò rán an rí, n kò sì béèrè ibi tó ti ń wá. Àwẹ̀ró aya mi ló ń hun kíjìpá, òun ló ń gé e, òun ló ń rán an. Èmi kàn ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ni. Bó bá ti bá mi mu, mo rò pé bí ṣòkòtò ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró lọ já ewé ẹ̀lú ní eteetí igbó, àjà sì gbé e lọ. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí kò mọ àjà. Atẹ́gùn tó ń yí bí òkòtó ni, tó máa ń gbé èèyàn wọ inú igbó lọ. Àwọn àgbà tù mí nínú, wọ́n ní ẹni tí àjà bá gbé yóò padà wá, yóò sì di ẹni tó mọ ewé mọ egbò. Mo dúró. Iṣu hù, iṣu gbó, a wà á, a tún gbin òmíràn, Àwẹ̀ró kò dé. Ṣòkòtò tó rán fún mi kẹ́yìn wá já lórúnkún. Nígbà tí mo wo ojú ihò yẹn tí kò sí ẹni tí yóò dí i, omi bọ́ lójú mi. Mo gbé ìbọn, mo ká kíjìpá kan tó hun sílẹ̀ tí kò tíì gé sínú àpò ọdẹ, mo ní bó bá jẹ́ inú àpáta ni àjà gbé e sí, n ó bá a níbẹ̀.

N kò ní fi ìrìn yọ yín lẹ́nu. Igbó tí mo kọ́kọ́ kó sí ni Igbó Fà-á-Ya. Igi inú rẹ̀ kò ní ewé. Ọwọ́ ni wọ́n ní, ọwọ́ náà sì ní èékánná. Bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ kan, ọ̀kan nínú wọn á fa ṣòkòtò mi ya, á ní, "Èyí tó mi." Mo yìnbọn lù wọ́n, wọ́n kó ọta ìbọn náà, wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Mo pe ọfọ̀ tí bàbá mi kọ́ mi, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí n tún un pè. Ẹ ò rí nǹkan! Èmi tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà, mo wá ń bẹ igi. Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ mú ẹ̀wù, ẹ mú fìlà, ẹ mú ìbọn pàápàá. Ṣòkòtò yìí ni aya mi rán kẹ́yìn."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn dáhùn, ó ní, "Ohun tó bá dun olóhun jù ló máa ń dùn mọ́ wa lẹ́nu." Ìgbà tí n ó fi jáde, bàǹtẹ́ nìkan ló kù ní ìdí mi, àti àpò tí mo dì mọ́ àyà.

Ní ìta igbó yẹn ni mo ti pàdé Ẹlẹ́sẹ̀-Kan. Iwin ni, ó ga bí àràbà, gbogbo gíga náà sì dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Abẹ́rẹ́ kan ló fi ń ta eyín. Ó wò mí, ó ní, "Ọdẹ oníhòòhò, n ó pa àlọ́ kan fún ọ. Bí o bá já a, n ó fún ọ ní abẹ́rẹ́ yìí, n ó sì fi ọ̀nà aya rẹ hàn ọ́. Bí o kò bá já a, n ó mú ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ, kí èmi náà lè máa sáré."

Jìnnìjìnnì bò mí. Ó ní, "Ilé kan wà, ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ló ní. Ẹni tó bá gba ẹnu kan wọ̀ ọ́, ẹnu méjì ni yóò gbà yọ. Ìgbà tó bá sì yọ tán, ìgbà náà gan-an ló tó wà nínú ilé."

Mo wo ìsàlẹ̀ ara mi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, mo kígbe pé, "Ṣòkòtò ni!" Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe ọgbọ́n ló gbà mí. Ohun tí kò sí lára ẹni lẹnu ẹni ń tètè pè.

Iwin náà bú sẹ́kún. Ó ní láti ọjọ́ tí ayé ti dáyé ni òun ti ń retí ẹsẹ̀ kejì. Síbẹ̀ ó mú ìlérí ṣẹ, ó ju abẹ́rẹ́ sí mi, ó ní, "Àjà já aya rẹ sílẹ̀ ní Odi Rẹ́múrẹ́mú, ìlú tí nǹkan gbogbo ti ń bá olówó rẹ̀ mu. Gba ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì: ibi tí ẹsẹ̀ méjì ti pàdé, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà." Mo rò pé òwe ló ń pa, mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ.

Mo dé Odi Rẹ́múrẹ́mú. Mo yọjú níbi ihò kan lára odi náà, mo rí ohun tí ẹnìkan nínú yín kò rí rí. Olúkúlùkù ló ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, bí ara rẹ̀ ṣe rí ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Ti abuké yọ iké, ti aboyún yọ ikùn. Àpótí ìjókòó mọ ìdí ẹni tó ni ín. Òjò ibẹ̀ pàápàá, orí àgbàdo ló ń rọ̀ sí, kì í kan aṣọ tí wọ́n sá. Olùṣọ́ ẹnu odi náà ń jẹ́ Ojú-ni-Ìwọ̀n. Kò ní apá, kò ní ìrù. Ojú kan ni, ó tóbi bí ìkòkò aró, ó kàn ń ṣẹ́jú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mo ní, "Àwẹ̀ró aya mi ni mo wá mú lọ sílé."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àwẹ̀ró ló ń rán ṣòkòtò fún gbogbo ọkùnrin ìlú yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọwọ́ tó ń ránṣọ, kó kọ́kọ́ mọ ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe. Kọ́ ilé tìrẹ síta níbẹ̀ yẹn, jókòó nínú rẹ̀, gé ṣòkòtò ara rẹ, rán an, wọ̀ ọ́ wò, kí o wá wọ̀ ọ́ tọ̀ mí wá. Ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kàn án. Bó bá bá ọ mu rẹ́múrẹ́mú, aya rẹ á tẹ̀ lé ọ lọ. Bí kò bá bá ọ mu, ṣòkòtò àgbàwọ̀ ni, ìlú yìí kì í gba àgbàwọ̀ wọlé."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo rẹ́rìn-ín! Mo ní ṣé kò ju báyìí lọ? Èmi tí mo bó awọ ẹkùn láìjẹ́ kó ya.

Mo pa àgọ́ kan, mo tẹ́ kíjìpá sílẹ̀, mo dùbúlẹ̀ lé e, mo fi èédú fa ìlà yí ẹsẹ̀ mi ká, mo fi ọ̀bẹ gé e lójú ìlà náà. Ẹ̀yin obìnrin, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí kanlẹ̀. Ẹ mú sùúrù fún mi. Abẹ́rẹ́ gún mi ní àtàǹpàkò, ó gún mi nítan, ó gún mi níbi tí n kò lè sọ níwájú ọmọdé. Mo rán an tán, mo wọ̀ ọ́, ó lẹ̀ mọ́ mi lára. Mo dúró ṣánṣán, mo wo ara mi lójú omi, mo fẹ́ràn ohun tí mo rí. Mo bá rìn lọ sẹ́nu odi, ẹsẹ̀ mi le gbagidi. Bí mo ti dé iwájú Ojú-ni-Ìwọ̀n, kí ni ọkùnrin tí wọ́n kọ́ nílé ń ṣe níwájú àgbà? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ṣòkòtò ya láti ìdí dé orúnkún. Àwọn ẹyẹ orí odi fò sókè.

Ojú náà ní, "Ìdúró lo rán an fún. Ta ni yóò bá ọ kí àgbà? Ta ni yóò bá ọ lóṣòó, ta ni yóò bá ọ gun ọ̀pẹ?" Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀-Kan tó yé mi. Ibi tí ẹsẹ̀ méjì ti pàdé ni a ń fi èlé aṣọ sí, kí itan lè ráyè. Ìmọ̀ràn bọ́ sí mi létí, mo fi í ṣe òwe.

Bí mo ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì bo ìdí padà lọ, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn odi. "Baálé mi."

Mo ní, "Àwẹ̀ró!"

"Ẹ̀yin náà ni? Mo gbọ́ ìró aṣọ tó ya, mo ní kò sí ọkùnrin mìíràn tó lè rán irú ẹ̀." Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà.

Mo sún mọ́ odi, mo ní, "Ju ọ̀kan sí mi nínú èyí tí o ti rán sílẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

"Ojú á mọ̀. Bí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní jẹ́ kí n sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ odi mọ́, ẹ ò sì ní gbọ́ ohùn mi mọ́. Ẹ gbọ́, baálé mi. Ẹ fi okùn wọn ara yín. Ẹ má tẹ̀ba wo ọrùn ẹsẹ̀ o. Bí ẹ bá tẹ̀ba, okùn á purọ́ fún yín. Ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ etí okùn mọ́lẹ̀, ẹ nàró, ẹ wo iwájú, kí ẹ wá fà á dé ìbàdí. Bí ẹ bá gé e tán, òwú jíjìnnà, tí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ jìnnà síra, ni kí ẹ fi so ó pọ̀ ná. Ẹ wọ̀ ọ́ wò, ẹ dọ̀bálẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ lóṣòó nínú ẹ̀. Ibi tó bá ti ń fà yín, ẹ tú u."

Mo ní, "Ṣé bí o ti ń ṣe é láti gbogbo ọdún yìí nìyẹn?"

"Bí mo ti ń ṣe é nìyẹn. Ìgbà tí ẹ bá sùn ni mo máa ń fi okùn wọ̀n yín, torí pé bí ẹ bá lajú, ẹ kì í dúró."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jókòó sí ìdí odi yẹn. Mo ti bá obìnrin yìí sùn lórí ẹní kan náà títí irun wa fi ń hu ewú, n kò sì mọ̀ pé ó ń jí wọ̀n mí.

Kíjìpá tó kù kò ju ẹyọ ṣòkòtò kan lọ, aṣọ tí a bá sì ti gé kì í hù padà. Mo rán, mo tú, mo tún rán. N kò ráyè dẹ tàkúté pàápàá. Ẹtu ń kọjá níwájú àgọ́ mi, ó ń wò mí, ó rí i pé abẹ́rẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi, ó sì ń jẹko rẹ̀ lọ. Èso igbó ni mo ń jẹ, nígbà mìíràn n kò rántí jẹ ẹ́. Ọjọ́ kan sì dé tí mo fi òwú jíjìnnà so ó pọ̀ tí mo wọ̀ ọ́ wò. Mo dọ̀bálẹ̀, kò fà. Mo lóṣòó, kò ké. Mo gun igi, ó bá mi gùn ún. Mo kọrin, mo sunkún, mo jó yí àgọ́ ká. Ó wá ku kí n fara balẹ̀ rán an pa, kí n ṣẹ́ etí rẹ̀, kí n sì ṣe ojú okùn rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Òṣùpá lé, ó wọ̀, òmíràn lé. Ojú mi wà lára aṣọ, n kò wo ara tó fẹ́ wọ̀ ọ́.

Mo lọ sí ẹnu odi, mo dọ̀bálẹ̀. Kò ya. Mo dìde, ṣòkòtò kò bá mi dìde. Okùn yọ̀ lórí egungun ìbàdí mi, gbogbo rẹ̀ ṣubú yí mi lẹ́sẹ̀ ká. Mo yára fà á sókè, mo fún okùn le, ó ṣù jọ ní ìdí mi bí àpò gàrí tí wọ́n so lẹ́nu.

Ojú-ni-Ìwọ̀n wò mí títí. Ó ní, "Ta ló yá ọ ní ṣòkòtò yìí?"

"Èmi ni mo rán an!"

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo rán an, mo rí ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ lára rẹ̀. Ta lo rán an fún?"

"Ara mi ni."

"Ẹni tó ni ṣòkòtò yìí sanra jù ọ́ lọ. Ó ní itan, ó ní ìdí. Níbo ló wà?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo wo ọwọ́ mi. N kò mọ ẹni tó ni wọ́n. Mo ní, "Èmi ni ẹni náà tẹ́lẹ̀."

"Àgbàwọ̀ ni," ló wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. "Nígbà tí ìwọ àti ṣòkòtò rẹ bá pàdé, kí ẹ padà wá."

Mo padà sí àgọ́, mo dín ṣòkòtò. Bí mo ṣe ń dín in ni ebi àti ìbànújẹ́ ń dín èmi náà. Mo tún lọ, ó tún tóbi. Níkẹyìn Àwẹ̀ró pè mí láti ẹ̀yìn odi, ó ní, "Baálé mi, ẹ lọ sílé, ẹ lọ jẹun. Ẹ wá nígbà tí ara bá padà."

Mo ní, "Bí mo bá lọ tí n kò rí ọ̀nà mọ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Iyán ni kí ẹ máa jẹ. Ẹ̀kọ kì í dúró lára yín."

Mo wálé. Àwọn àgbà inú yín rántí ọdún yẹn, bí mo ṣe ń jẹ iyán bí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún. Mo sanra, mo tú ṣòkòtò sílẹ̀ dé ibi tí aṣọ mọ, ó bá mi mu nínú yàrá mi. Mo rọ́ ọ sínú àpò nítorí àwọn igi ọjọ́sí, mo sáré lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ọ̀nà yẹn. Ó ń jẹ èèyàn láìgé e jẹ. Ara tí mo gbé kúrò nílé kọ́ ni mo gbé dé ẹnu odi. Ojú wò mí, ó ní, "Àgbàwọ̀." Mo padà wálé, mo jẹun, mo lọ. "Àgbàwọ̀." Ojú ọ̀nà yẹn ni gbogbo irun orí mi ti funfun. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ohùn Àwẹ̀ró ti di ohùn arúgbó. Ó ní, "Baálé mi, ṣé ẹ ń jẹun?" Ìyẹn nìkan ló bi mí. Mo ní mò ń jẹun. Irọ́ ni mo pa.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, Ọdẹ́ríndé, ẹni tó wà nílé lo ń rán ṣòkòtò fún láti ọjọ́ yìí wá, ẹni tí yóò dé ibẹ̀ kọ́. Mo dúró lẹ́nu odi bí mo ṣe rù tó, mo fi gìgísẹ̀ tẹ okùn mọ́lẹ̀, mo wọn ara mi, mo ta kókó síbi orúnkún, mo ta kókó síbi ìbàdí. Mo wọn ìdí, mo wọn itan. Okùn náà nìyí. Ṣòkòtò tí ẹ bá lọ́wọ́ mi yìí, ohun tí okùn yìí wí ni mo fi dín in. Bí mo bá wọ̀ ọ́ níhìn-ín, ó gbọ́dọ̀ há mi. Kó fún mi nítan, kó kọ̀ láti gòkè. Bó bá há mi nílé, ó di dandan kó bá mi mu níbẹ̀. Òwú ti wọ abẹ́rẹ́ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀, mo sì ti rán an tán báyìí. Lọ́la ni mo fẹ́ lọ, ẹsẹ̀ mi kò sì lè tún lọ ọ̀nà yẹn lẹ́yìn èyí. Àwẹ̀ró náà kò ní pẹ́ di ẹni tí kò lè dáhùn mọ́.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ yíjú sẹ́yìn kí n wọ̀ ọ́.

Ó ti wọlé. Ajíbóyè, ìwọ tí ojú rẹ ṣì mú, wá bá mi wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Má fọwọ́ kàn án o, ojú lásán ni kí o fi wò ó. Mo lóṣòó yìí, ṣé ó fún mi? Mo dọ̀bálẹ̀ yìí, ṣé ó fẹ́ ya ní ìdí?

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè kí n gbọ́.

O ní ó bá mi mu rẹ́múrẹ́mú.

Ẹ dákẹ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ mọ́. Ìyá Dọ̀tun, má jó, mo bẹ̀ ọ́. Ìgbà wo ni mo rù tó báyìí, tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò sọ fún mi? Egungun tó dúró lẹ́nu odi lọ́jọ́sí ni mo rán an fún. Bó bá bá mi mu lábẹ́ igi ìyeyè, tí n kò tíì gbé ẹsẹ̀ kan, kí ni yóò kù lára mi tí yóò wọ̀ ọ́ dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró?

Ìtàn mi parí, ẹ lè máa lọ sílé. Ṣòkòtò ni kò tíì parí, n ó tún un dín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá Dọ̀tun, bá mi wo abẹ́rẹ́ nílẹ̀, níbi tí mo jókòó sí. O rí i? Má mú un. Fi ìka júwe ibi tó wà fún mi.

Níbo lo ní? N kò rí i.